Ẹ jẹ́ kí ọjà wa di ibi ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tó ń kà nípa ìṣàkóso okòwò

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìṣàkóso okòwò, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní Bísínẹ́ẹ̀sì Àdìmín, ní àwọn yunifásítì tó wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Èmi fúnra mi kẹ́kọ̀ọ́ náà gboyè, nígbà tí mo sì sin ilẹ̀ bàbá mi tán, ìdí òwò oúnjẹ ni mo padà sí ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí mo ti ń ta gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì àti èlùbọ́ ní àpò-àpò. Mo mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ni nínú kíláàsì, mo sì mọ ohun tí ọjà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá dúró síbẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ kan tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí nígbàkígbà tí èsì ìdánwò JAMB bá jáde. Ọmọ tó fẹ́ ka ìmọ̀ òfin tàbí ìṣirò owó, tí máàkì rẹ̀ kò sì gbé e débẹ̀, ni wọ́n ń sọ fún pé kí ó lọ gba Bísínẹ́ẹ̀sì Àdìmín, kí ó ṣáà ti wọ yunifásítì ná. Ọmọ náà yóò wọlé pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì, yóò fi ọdún mẹ́rin ka ohun tí àwọn òbí rẹ̀ ti sọ di yẹpẹrẹ létí rẹ̀, yóò sì jáde láìní ìfẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an, nítorí pé bí ibì kan bá wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó yẹ kí wọ́n ti máa fi ojú ribiribi wo ẹ̀kọ́ òwò, ọ̀dọ̀ tiwa ni. Ṣáájú ogun Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi agbára ṣí ọ̀nà ilẹ̀ wa, ọwọ́ àwọn Ìjẹ̀bú ni ọ̀pọ̀ ọjà tó ń ti etí ọ̀sà lọ sí òkè ń gbà kọjá, òwò yìí ni ó sì sọ wá di ẹni tí a jẹ́. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí agbẹjọ́rò àti olóṣèlú, ìmọ̀ òwò ni ó kọ́kọ́ gboyè nínú rẹ̀. Ilé níbí ni ó wà tí ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì gba oyè náà ní ọdún 1944, kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ ka òfin. Kì í sì í ṣe inú ìwé nìkan ni ó ti mọ òwò, nítorí pé ó ti ra irè oko tà, ó sì ti fi mọ́tò ṣiṣẹ́ rí. Bákan náà ni Mike Adénúgà ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ilé-iṣẹ́ Globacom rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2003, lọ ka ìṣàkóso okòwò gan-an ní Amẹ́ríkà. Mo dárúkọ wọn kí àwọn òbí tó ń fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe ohun yẹpẹrẹ lè mọ̀ pé àwọn tó ṣíwájú wa kò fi ojú bẹ́ẹ̀ wò ó.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè sáré kà. Kí ọmọ tó lè wọlé, ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú iṣẹ́ márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé sì gbọ́dọ̀ wà lára wọn. Yóò kọ́ nípa bí a ti ń ṣètò iṣẹ́ àti bí a ti ń darí òṣìṣẹ́, yóò kọ́ ìṣirò owó, ìpolówó àti ìtajà, òfin okòwò, àti bí a ti ń ka iye kí a sì fi í ṣe ìpinnu. Ní ọdún tó kẹ́yìn ni wọn yóò wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí wọn yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ wo iṣẹ́ náà láti òkè délẹ̀. Gbogbo èyí dára, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí n kò lò rí nínú òwò mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí ni pé ọmọ lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì gba oyè tó ga, láìjẹ́ pé ó fi ọwọ́ kan ìwé owó òwò kan tó wà láàyè. Mo máa ń bi àwọn ọmọ tó bá wá béèrè iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ìbéèrè kan. Bí mo bá ra àpò gàrí kan ní 40,000 náírà, tí owó ọkọ̀ àti owó aláàárù jẹ́ 2,000 náírà, tí mo sì tà á ní 45,000 náírà, èló ni èrè mi? Wọn kì í rò ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn pé 3,000 náírà ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sì kọ́ wọn. Nígbà náà ni n ó sọ fún wọn pé kí n tó ta àpò náà tán, gàrí ti di 44,000 náírà lọ́dọ̀ àwọn tó ń dín in, owó ọkọ̀ àti ti aláàárù kò sì yí padà. Láti fi àpò mìíràn rọ́pò èyí tí mo tà, 46,000 náírà ni n ó ná, bẹ́ẹ̀ 45,000 péré ló wà lọ́wọ́ mi. Ìwé ní mo jèrè 3,000 náírà. Ọjà ní mo ti jẹ 1,000 náírà nínú ojú owó mi. Bí mo bá sì lọ fi 3,000 náírà yẹn ra nǹkan sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé èrè ni, ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣírò ibi tí òwò náà yóò wà bí ọdún bá fi máa yí po.

Kò sí ìyá àgbà kan ní ọjà Òkè-Àjé ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí tí kò mọ ohun tí mo ń sọ yìí, kódà bí kò bá mọ̀wé kankan kọ. Láti àárín ọdún 2023, tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí wọ́n sì fi náírà sílẹ̀ kí ó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, ìmọ̀ yìí ni ó dá àwọn tó kù lórí ìsọ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló ti kó igbá wọlé. N kò sọ pé ìwé kò mọ̀ nípa rẹ̀ o. Ọ̀nà ìṣirò wà nínú ìwé tó ń fi iye tí a ó fi rọ́pò ọjà wọn èrè, àwọn olùkọ́ wa náà sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ òkèèrè àti owó dọ́là ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, ọmọ yóò kọ́ ọ sórí fún ìdánwò, kò sì ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gàrí tí ìyá òun ń tà nílé ni wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo òwò obì ní Sábó ní Ṣágámù. Obì gbànja tó ń ti inú oko Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú bọ̀ ni wọ́n ń kó jọ síbẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbé e lọ sí Òkè Ọya. Wọ́n ti ní láti là á nínú apó rẹ̀, kí wọ́n rẹ ẹ́ tí èèpo funfun rẹ̀ yóò fi bọ́, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n ṣà á, kí wọ́n sì kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú kí ó má baà gbẹ. Ẹni tó bá tà ní kété tí wọ́n kórè yóò rí owó rẹ̀ gbà ní kíá, ṣùgbọ́n owó náà kò ní tó nǹkan. Ẹni tó bá pa á mọ́ di ìgbà tí obì wọ́n lè rí èrè ńlá. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò lè jẹ ẹ́, ó lè gbẹ, owó rẹ̀ sì ti há síbẹ̀ ní gbogbo àkókò tí ìbá fi ra nǹkan mìíràn tà. Ọjọ́ wo ni ó yẹ kí ó tà? Èló ni ó ń pàdánù lórí apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó fi pa á mọ́? Èyí gan-an ni ohun tí wọ́n ń kọ́ni nípa ìṣàkóso ọjà inú ilé ìkẹ́rù. Mo gbà pé ọmọ tó bá bá olóbì kan rìn láti ìgbà ìkórè títí di ìgbà tí obì bá tán nílẹ̀ yóò mọ apá ẹ̀kọ́ yìí ju ẹni tó ka orí mẹ́ta nínú ìwé lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ èsúsú rí. Bí ènìyàn 12 bá ń dá owó kan náà lóṣooṣù, tí ẹnì kan sì ń kó gbogbo rẹ̀ lóṣù, ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti gba owó tí kò san èlé lórí rẹ̀, ẹni tó kó o kẹ́yìn sì ti bá gbogbo àwọn yòókù fi owó pamọ́. Ní ìgbà tí ọjà ń fi ojoojúmọ́ gbówó lórí, iye àpò ìrẹsì tí ẹni ìkẹyìn yóò rí rà kò ní tó ti ẹni àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye owó kan náà ni àwọn méjèèjì kó. Mo mọ àwọn ẹgbẹ́ tó ti ń jà sí i, tí kò sì sí ẹni tó lè jókòó ṣírò rẹ̀ kalẹ̀ kí gbogbo wọn rí i. Iṣẹ́ ọmọ yunifásítì nìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tí àkókò iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá bá tó, ilé ìfowópamọ́ ńlá ní Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn ń yàn, wọn yóò tẹ ìwé ìbéèrè, wọn yóò pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n bá wọn kọ ọ́ sí i, wọn yóò sì dì í ní ìwé aláràbarà. Kò sí ẹni tó tún ń ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò mọ́.

Olóòtú, ohun tí mo ń béèrè kò nílò òfin tuntun. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àjọ NUC tó ń bójú tó àwọn yunifásítì gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní CCMAS. Nínú ìlànà náà, àjọ NUC ló la ìdá 70 nínú ìdá 100 ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ sílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì, wọ́n sì fi ìdá 30 tó kù sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan kí ó fi ohun tó bá àyíká àti èrò tirẹ̀ mu sí i. Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti ọdún 1982, Babcock náà sì ti di yunifásítì ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ láti ọdún 1999. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn méjèèjì, àti sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí ní agbègbè wa, ni pé kí wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ nínú ìdá 30 yìí fún ọjà wa. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà kì í dúró sínú kíláàsì títí wọn yóò fi jáde. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ṣágámù. Ìdí ìsọ̀ ni ibùsùn tí ọmọ tó ń kọ́ òwò yẹ kí ó dúró tì.

Bí mo ti rò ó ni kí wọ́n so akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ oníṣòwò kan láti ìgbà tí ó bá ti wọ ọdún kejì, kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, bí kò ṣe fún odidi sáà ẹ̀kọ́ kan, kí ó lè rí ìgbà tí ọjà tà àti ìgbà tí ọjà kú. Kí ó máa wá ní ọjọ́ tí kò ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kí ó ka ọjà tó wà nílẹ̀ ní òpin oṣù, kí ó kọ ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tí wọ́n gbà láwìn, àti orúkọ ẹni tó gbà á. Kí ó bá oníṣòwò náà ya owó ilé sọ́tọ̀ kúrò lára owó òwò. Ibí yìí ni ìṣòro ọ̀pọ̀ wa wà jù lọ, nítorí inú àpò kan náà ni a ti ń mú owó ọjà, owó ilé-ìwé ọmọ, àti owó aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, débi pé ẹni tó ń tà púpọ̀ lè máà mọ̀ bóyá òun ń jèrè rárá. Bí sáà bá parí, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìjábọ̀ méjì: ọ̀kan ní èdè Yorùbá fún oníṣòwò, èyí tí ó máa kà sí i létí, kí ó sì dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀, èkejì fún olùkọ́ rẹ̀. Kí oníṣòwò náà sì fún un ní máàkì tirẹ̀, kí máàkì náà wọ inú èsì rẹ̀ ní tòótọ́.

Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jà sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n ní àwọn kò lè fi àṣírí òwò han ọmọ ọlọ́mọ, àti pé bí àkọsílẹ̀ bá ti wà, agbowó-orí yóò tọ ipa rẹ̀ dé ìsọ̀ àwọn. N kò fojú kéré ìbẹ̀rù yìí, nítorí pé ibi tí ẹnì kan ti ń ra ọjà lówó pọ́ọ́kú lè jẹ́ gbogbo ohun tí ó fi ju aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọjà, níwájú ìyálọ́jà, pé orúkọ oníṣòwò kò ní hàn nínú ìjábọ̀ kankan, pé ìwé owó kò ní kúrò nínú ìsọ̀, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tú àṣírí yóò pàdánù máàkì iṣẹ́ náà pátápátá. Ní ti owó orí, oníṣòwò tí kò ní àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń bu iye tó bá wù wọ́n lé lórí, nítorí kò ní ohun tí yóò fi hàn pé èrè òun kò tó bẹ́ẹ̀.

Àǹfààní tí a ó rí níbẹ̀ pọ̀ ju ewu rẹ̀ lọ fíìfíì. Ilé ìfowópamọ́ kì í yá ènìyàn ní owó gidi láìrí àkọsílẹ̀ òwò rẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ti fi ààyè gba ẹnì kan ṣoṣo láti dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa lọ́jà kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó wà ní ọdún kejì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Èyí tó tilẹ̀ ń ká mi lára jù ni ti àwọn ìsọ̀ tó ń ti ilẹ̀kùn pa nígbà tí ẹni tó ni wọ́n bá kú. Gbogbo òwò náà wà ní orí olóògbé: iye tó jẹ, iye tí wọ́n jẹ ẹ́, ẹni tí ó ń bá a kó ọjà wá láti oko, àti oníbàárà tí kì í san owó tí a kò bá lọ sílé rẹ̀. Àwọn ọmọ yóò wá pín ọjà tó kù nílẹ̀, wọn yóò fi ìsọ̀ háyà, orúkọ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ yóò sì pa rẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Mo ti rí i lójú pópó tí mo wà, lọ́dọ̀ àwọn tó ta pákó, lọ́dọ̀ àwọn tó ta aṣọ, àti lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ mi ní òwò gàrí. Ìwé àkọsílẹ̀ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọdún kan kọ dáadáa ìbá ti fún àwọn ọmọ wọn ní ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ níwájú wọn. N kò retí pé kí olùkọ́ máa tẹ̀ lé ọmọ kọ̀ọ̀kan kiri. Bí wọ́n bá fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìlà ọjà kan náà, ìbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó fún olùkọ́ láti rí gbogbo wọn, ẹgbẹ́ ọjà yóò sì máa kíyè sí wọn ní ọjọ́ yòókù. Kí wọ́n fi Òkè-Àjé, Sábó àti àwọn oníṣòwò pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wo bí yóò ti rí fún sáà kan.

Ní ti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti gba ìwé ìgbaniwọlé sí ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má ṣe sọ fún un pé nítorí kò rí èyí tí ó fẹ́ gbà ni. Ẹ mú un wá sí ìsọ̀ yín kí ó tó wọlé, ẹ fún un ní ìwé kan àti kálámù, kí ó máa kọ ohun tí ẹ tà àti ohun tí ẹ rà títí tí yóò fi lọ.

Èmi ti ṣetán láti gba akẹ́kọ̀ọ́ méjì sí ṣọ́ọ̀bù mi bí sáà ẹ̀kọ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀, n ó ṣí ìwé owó mi fún wọn láti ojú ewé àkọ́kọ́, n ó sì máa san owó ọkọ̀ wọn. Díẹ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ta oúnjẹ ti sọ pé àwọn náà yóò gba ọmọ bí ìwé àdéhùn tí mo sọ bá wà. Bí olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kankan bá ka ìwé yìí, kí ó jọ̀wọ́ kọ èsì ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yín, àwa yóò sì wá a lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣòwò oúnjẹ kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.